Ta Ló Ni Ọdún Boishakh?

Ní àárọ̀ ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, bí èèyàn bá gba àwọn òpópónà tóóró tó wà ní apá àtijọ́ ìlú Dhaka, olú-ìlú Bangladẹ́ṣì, yóò rí àwọn oníṣòwò tó ti gbá iwájú ìsọ̀ wọn, tí wọ́n so òdòdó mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì gbé ìwé gbàǹgbà kan tí wọ́n fi aṣọ pupa bò sórí tábìlì. Ìwé gbèsè ni. Halkhata ni wọ́n ń pe ayẹyẹ ṣíṣí i. Oníbàárà tó ti ń rajà àwìn bọ̀ láti ọdún tó kọjá yóò wọlé, yóò san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ọlọ́jà yóò pa ìwé àtijọ́ dé, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, yóò wá gbé àwo àdídùn tí wọ́n fi wàrà ṣe ka iwájú rẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè lè jẹ́ Mùsùlùmí kí ẹni tó ni ìsọ̀ jẹ́ Híńdù, ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Gbèsè kì í béèrè ibi tí èèyàn ti ń gbàdúrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Dhaka, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tò sójú títì. Àwọn obìnrin ró sari funfun tí etí rẹ̀ pupa, àwọn ọkùnrin wọ ẹ̀wù gígùn tí wọ́n ń pè ní panjabi. Òwìwí, ẹkùn, erin, ẹja àti ẹyẹ tí wọ́n fi ọparun àti bébà ṣe ga fíofío lórí àwọn èrò, ìlù sì ń dún kíkankíkan. Ìwọ́de yìí ni aráyé mọ̀ jù nípa ọdún náà, òun náà sì ni ìjà wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ogún gbogbo ọmọ Bẹ̀ngálì ni, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún tí kò pín wọn sí ẹlẹ́sìn tèyí àti ẹlẹ́sìn tọ̀hún. Àwọn kan ní ìbọ̀rìṣà tí wọ́n fi aṣọ àṣà bò ni. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Ìṣákọ́lẹ̀ ló bí i

Pohela Boishakh lorúkọ ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù Boishakh. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìtàn òrìṣà, kì í sì í ṣe ìtàn wòlíì. Ìtàn owó ni. Láyé ìjọba àwọn Mughal, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, kàlẹ́ńdà Hijra tó ń tẹ̀lé òṣùpá ni wọ́n fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ mọ bí kàlẹ́ńdà yẹn ṣe ń rìn: ọdún rẹ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún oòrùn lọ. Ìdí nìyẹn tí Ààwẹ̀ àti Iléyá kì í fi í dúró sójú kan, tí wọ́n á bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó tún bọ́ sínú òjò. Ìrẹsì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn àti òjò ló ń gbọ́ tiwọn. Ìgbà mìíràn wà tí agbowó-orí á ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí irè ṣì wà ní tútù lóko, àgbẹ̀ á sì ní láti yáwó kó tó lè san.

Akbar, ọba Mughal, ló pàṣẹ àtúnṣe. Ní 1584, onímọ̀ ìràwọ̀ kan láàfin rẹ̀, Fathullah Shirazi, ṣe kàlẹ́ńdà tuntun tó ń bá oòrùn rìn, wọ́n sì ní kí wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1556, ọdún tí Akbar gorí ìtẹ́. Ọdún yẹn jẹ́ 963 nínú kàlẹ́ńdà Hijra. Wọn ò padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ení, láti orí 963 náà ni wọ́n ti ń kà á lọ. Ìdí nìyẹn tí oṣù kẹrin 2025 fi jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1432 fún ọmọ Bẹ̀ngálì, nígbà tí kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ti wà ní 1446. Ojú kan náà ni méjèèjì ti gbéra. Ọ̀kan tẹ̀lé òṣùpá, èkejì tẹ̀lé oòrùn, ọdún 14 ló sì ti wà láàárín wọn báyìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn mìíràn sọ pé Akbar bá ilé lórí ìdúró ni, ó kàn kùn ún lọ́dà. Wọ́n ní Shashanka, ọba ilẹ̀ Gauda, tó jọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje, ló ni ìṣirò náà, nítorí pé tí a bá yọ 593 kúrò nínú ọdún òyìnbó, iye ọdún Bẹ̀ngálì ló máa kù sílẹ̀. Wọ́n tún ní kí a wo orúkọ àwọn oṣù: ara orúkọ àwọn ìràwọ̀ lédè Sanskrit ni wọ́n ti yọ wọ́n, àwọn èèyàn sì ti ń lò wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí Mughal kankan tó tẹ ilẹ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ́ ti Mùsùlùmí pẹ̀lú á sọ ìtàn Akbar. Ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ ti Híńdù látilẹ̀ á sọ ìtàn Shashanka. Lójú tèmi, orúkọ oṣù àti nọ́ńbà ọdún ti jẹ́rìí fúnra wọn. Orúkọ jọ ìyá, nọ́ńbà jọ bàbá, ọmọ kan náà ló jọ àwọn méjèèjì.

Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé owó àti oko ló fìdí ọjọ́ náà múlẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Chaitra, tó jẹ́ oṣù tó kẹ́yìn ọdún, àgbẹ̀ ní láti san gbogbo ohun tó jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ilẹ̀ á fi àdídùn ṣe àwọn ayálégbé orí ilẹ̀ rẹ̀ lálejò. Inú àṣà yìí ni ìwé aláwọ̀ pupa ti àwọn oníṣòwò ti wá.

Ẹjọ́ àwọn tó ní "tiwa ni"

Kí a tó lè mọ ìdí tí àwọn kan fi rọ̀ mọ́ ọjọ́ yìí bí ẹni rọ̀ mọ́ ẹ̀mí, a ní láti rántí pé láti 1947 títí di 1971, ara orílẹ̀-èdè Pakísítáànì ni Bangladẹ́ṣì wà. Ẹ̀sìn ló so ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn Pakísítáànì pọ̀, ilẹ̀ Íńdíà ló sì wà láàárín wọn. Èdè wọn kò papọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi Urdu nìkan ṣe èdè ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti takò ó, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn pa nínú wọn ní Dhaka lọ́jọ́ 21, oṣù kejì, 1952. Láti ìgbà náà ni ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ èdè àti orin Bẹ̀ngálì ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ní 1961, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí akéwì ńlá nì, Rabindranath Tagore, àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀ kan, Sanjida Khatun àti Wahidul Haque nínú wọn, dá ẹgbẹ́ Chhayanaut sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1967, wọ́n lọ jókòó lábẹ́ igi ńlá kan nínú ọgbà Ramna ní Dhaka, wọ́n sì fi orin kí ọdún tuntun káàbọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Pakísítáànì kéde pé orin Tagore kò bá àṣà orílẹ̀-èdè mu, kí wọ́n yé gbé e sórí rédíò. Orin òwúrọ̀ náà wá di èsì fún ìjọba. Wọn kò gbé ọ̀pá, wọn kò sọ̀kò. Wọ́n kàn ń kọrin ní èdè ìyá wọn lábẹ́ igi ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀, Bangladẹ́ṣì sì di orílẹ̀-èdè.

Ìwọ́de tí wọ́n ń jà lé lórí kò tíì sí nígbà náà. Ní 1989, lábẹ́ ìjọba Ershad tó jẹ́ ológun, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Dhaka bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe àwọn ohun ìṣeré abúlé ní ńlá: ẹṣin àti òwìwí onígi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ fún ọmọdé, ọmọláńgidi alámọ̀, ìbòjú onírúurú. Ananda Shobhajatra ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, Ìwọ́de Ayọ̀. Ní 1996 wọ́n yí i sí Mangal Shobhajatra, Ìwọ́de Ire. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló máa ń wá owó rẹ̀: wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á kun ìdérí ìkòkò amọ̀, wọ́n á ṣe ìbòjú, wọ́n á tà wọ́n fún èrò ọ̀nà kí ọdún tó kò. Ní 2016, UNESCO fi ìwọ́de náà kún àkójọ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ ènìyàn, àkójọ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú.

Èyí ló mú kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa sọ pé: Ìtúnu Ààwẹ̀ ń bẹ fún Mùsùlùmí, Durga Puja ń bẹ fún Híńdù, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Kìrìsìtẹ́nì ní tiwọn. Ọjọ́ wo ló kù tí ọmọ Bẹ̀ngálì lè jáde sóde láìjẹ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe ọmọ Bẹ̀ngálì? Wọ́n ní ẹni tó bá gba ọjọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ wọn ń dá wọn padà sí ìgbà Pakísítáànì.

Wọ́n tún ní ẹ̀rí kan tí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, 2001, bọ́ǹbù bú gbàmù láàárín àwọn tó ń gbọ́ orin ní Ramna, èèyàn 10 sì kú. Àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń pe ara wọn ní ajàgun ẹ̀sìn ló ṣe é. Ní 2014 ilé ẹjọ́ dá àwọn kan nínú wọn lẹ́bi. Ẹgbẹ́ Chhayanaut ti padà sábẹ́ igi náà lọ́dún tó tẹ̀lé ti bọ́ǹbù yẹn. Ẹni tó ti sin òkú nítorí orin kò ní rọrùn láti bá sọ pé kó yí ohùn orin rẹ̀ padà.

Ẹjọ́ àwọn tí ara ń kan

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ajubọ́ǹbù de gbogbo ẹni tó bá ní òun kò lọ sóde ọdún. Nínú èèyàn mẹ́wàá ní Bangladẹ́ṣì, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ọdún náà tayọ̀tayọ̀. Àwọn mìíràn, tí wọn kò pa eṣinṣin rí, ní ìwọ́de yẹn kò bá ìgbàgbọ́ àwọn mu. Ẹjọ́ tiwọn náà nídìí.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ire. Àwọn àáfáà, pàápàá jù lọ ẹgbẹ́ Hefazat-e-Islam, ń béèrè pé: ta ló ń fúnni ní ire? Nínú Ìsìláàmù, Ọlọ́run nìkan ni. Bí èèyàn bá wá gbé ère òwìwí sókè, tó ní òun fi ń lé ibi lọ, tí òun fi ń pe ire wọlé, kí ló kù tí onítọ̀hún kò tíì fi mú orogún mọ́ Ọlọ́run? Wọ́n ní kí a wo àwọn ẹranko tí wọ́n máa ń gbé: òwìwí ni Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ àwọn Híńdù, ń gùn, ọ̀kín ni Kartik ń gùn. Ohun tó jẹ́ ohun ìṣeré lójú ẹnìkan ní orúkọ nínú ojúbọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ agọ̀ àti ìbòjú ṣe ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn oníṣẹ̀ṣe nílẹ̀ Yorùbá kò ní rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Wọ́n ní ẹ ń pè é ní àṣà àwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì di arúgbó. Àgbẹ̀ abúlé tó kú ní 1980 kò gbọ́ orúkọ Mangal Shobhajatra rí. Ohun tó mọ̀ ni ọjà ọdún, ìjàkadì, eré ìlú, ìwé gbèsè àti oúnjẹ ilé. Báwo ni ohun tí kò mọ̀ ṣe wá di àmì ẹ̀yà rẹ̀?

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lọ lójú mi: ọ̀rọ̀ àṣẹ. Lẹ́yìn tí UNESCO ti gbà á wọlé, ìjọba ìgbà náà pàṣẹ ní 2017 pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe ìwọ́de. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti fi dojú kọ ìjọba ológun di ohun tí ìjọba ń rán àwọn ọmọ iléèwé lọ ṣe. Òbí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Ní 2023, agbẹjọ́rò kan tilẹ̀ kọ lẹ́tà òfin sí ìjọba pé kí wọ́n dá ìwọ́de náà dúró. Nígbà tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí ayẹyẹ kan tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jókòó sílé á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ọ̀tá ìlú.

Àwọn olólùfẹ́ ìwọ́de ní èsì fún èyí. Wọ́n ní òwìwí tí àwọn ń gbé, ti gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé ni, kì í ṣe ti Lakshmi. Kò sí ẹni tó ń wólẹ̀ fún un, kò sí ẹni tó ń rúbọ sí i, bí ìwọ́de bá sì parí, bébà àti ọparun ló kù. Wọ́n ní "mangal" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ èdè Bẹ̀ngálì tí Mùsùlùmí àti Híńdù fi ń kí ara wọn ni. Ní ti ọjọ́ orí, wọ́n ní gbogbo àṣà ló ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òdodo ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ère nìkan kọ́ ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó náà ní ojú. Nípa ìjọba tó ń pàṣẹ fún iléèwé, èsì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Ìrẹsì àsùnmọ́jú àti ẹja olówó gọbọi

Àríwísí kan tún wà tí kò wá láti mọ́ṣáláṣí rárá. Inú àwọn olólùfẹ́ àṣà fúnra wọn ló ti jáde. Láàárọ̀ Pohela Boishakh, ọ̀pọ̀ ará Dhaka máa ń jẹ panta, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ti sè, tí wọ́n wá da omi sí kó sùn mọ́jú títí tó fi kan díẹ̀. Oúnjẹ àgbẹ̀ ni látilẹ̀. Ẹni tí ìrẹsì alẹ́ bá ṣẹ́kù fún ló ń fi omi sí i kó má bàa bàjẹ́ nínú ooru, tó sì ń fi àlùbọ́sà àti ata tútù jẹ ẹ́ láàárọ̀ kó tó lọ sóko. Àwọn ará ìlú ńlá mú un, wọ́n gbé ẹja ilish díndín lé e lórí, wọ́n ní oúnjẹ àwọn baba wa nìyí.

Ẹja ilish wọ́n. Lásìkò ọdún yìí gan-an, ó ń wọ́n sí i, nítorí pé oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni òfin ìjọba kò gba pípa ẹja ní àwọn apá odò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ọmọ ilish lè dàgbà. Ẹni tó ń fi panta rántí òtòṣì ń fi ilish rántí ara rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti bẹ àwọn èèyàn rí pé kí wọ́n fi ilish sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn gbé oúnjẹ tálákà sórí tábìlì ọlọ́lá lọ́jọ́ kan, ó sàn ju kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ pátápátá lọ. Wọ́n tún rán wa létí pé ọdún náà ń bọ́ alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọparun, àti pé láti 2016 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gba àjẹmọ́nú ọdún Boishakh, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ wọn, Mùsùlùmí àti Híńdù bákan náà. Owó yẹn kò dà bí àjẹmọ́nú ọdún ẹ̀sìn tí kálukú ń gbà lásìkò tirẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ó ń bọ́ sí ọwọ́ gbogbo wọn.

Àwọn tí ìjà kò ka orúkọ wọn

Bí àwọn alágbára méjì bá ń jà, àwọn mìíràn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè.

Àwọn obìnrin wà nínú wọn. Ní ọdún 2015, àwọn ọkùnrin kan dọ́gbọ́n yí àwọn obìnrin ká nínú èrò ọdún nítòsí Yunifásítì Dhaka, wọ́n sì fi ọwọ́ pa wọ́n lára lọ́nà àìtọ́. Èsì tí ìjọba fọ̀ ni pé kí ayẹyẹ ìta gbangba máa parí nígbà tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìbòjú bojú mọ́, ọwọ́ ni kí wọ́n máa gbé e sí. Àwọn kan ní ààbò nìyẹn. Àwọn kan ní ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n fi jẹ aláìṣẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà orí òkè Chittagong náà wà nínú wọn. Àwọn Chakma, Marma àti Tripura ní ọdún tiwọn lásìkò yìí gan-an: Biju, Sangrai àti Boisuk, tí wọ́n pa orúkọ wọn pọ̀ di Boisabi. Nígbà tí ìjọba bá ní ọdún Bẹ̀ngálì ló so gbogbo ará ìlú pọ̀, kí ni kí ẹni tí kì í ṣe Bẹ̀ngálì ṣe?

Àwọn Híńdù pàápàá wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn pé àwọn ló ni ìwọ́de. Ìgbìmọ̀ kan tí Muhammad Shahidullah ṣe alága rẹ̀ ní 1966 dá a lábàá pé kí wọ́n tún kàlẹ́ńdà tò kí ọjọ́ má bàa máa yẹ̀, Bangladẹ́ṣì sì gbà á wọlé ní 1987. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ni Pohela Boishakh níbẹ̀ láìyẹ̀. Ní West Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, ìṣirò àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò, ọjọ́ 15 ló sì sábà máa ń jẹ́. Níbẹ̀, ọlọ́jà á gbé ìwé pupa rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, bíi Kalighat ní Kolkata, kó tó kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Híńdù ní Bangladẹ́ṣì ń tẹ̀lé ìṣirò àtijọ́ yẹn fún ètò ẹ̀sìn wọn. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Híńdù kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ Híńdù ń bọ òrìṣà wọn rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni.

Orúkọ tó padà sílé

Ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba Sheikh Hasina, ìyẹn ìjọba tó pàṣẹ fún iléèwé ní 2017, wó lulẹ̀, ìjọba fìdíhẹ tí Muhammad Yunus darí sì gorí oyè. Nígbà tí ọdún tuntun 1432 ń bọ̀ ní 2025, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kéde pé ìwọ́de kò ní jẹ́ Mangal mọ́. Orúkọ tuntun náà fi Ananda, ayọ̀, dípò ire.

Àwọn tó fọwọ́ sí i ní kò sí ohun tó sọnù: ayọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1989, orúkọ àárọ̀ rẹ̀ ló padà sí. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá, kí ló dé tí a kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè wọ́n wọlé? Àwọn tó takò ó ní ọ̀rọ̀ kọ́ ni, ẹ̀rù ni. Lónìí orúkọ, lọ́la òwìwí, lọ́tùn-únla orin abẹ́ igi. Wọ́n tún béèrè pé ta ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kí wọ́n tó yí i padà.

Ẹjọ́ méjèèjì ló wọ̀ mí létí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé kò sí ìgbà kan tí ọjọ́ yìí wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Akbar tún un ṣe nítorí owó, onílẹ̀ tún un ṣe nítorí gbèsè, olórin tún un ṣe nítorí èdè, akẹ́kọ̀ọ́ tún un ṣe nítorí ìjọba ológun, ìjọba alágbádá sì tún un ṣe fún ti ara rẹ̀. Ẹni tó ní àtayébáyé ni kò sọ òótọ́ tán. Ẹni tó ní àjèjì ni náà kò sọ òótọ́ tán. Nítorí náà, ìbéèrè "ta ló ni ín?" kò lè rí ìdáhùn nínú ìwé ìtàn. Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn ni èyí: ẹni tó fẹ́ lọ, ṣé ọ̀nà yóò dára fún un láti lọ àti láti bọ̀? Ẹni tí kò fẹ́ lọ, ṣé wọ́n á jẹ́ kó jókòó sílé rẹ̀ láìsí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀?

Mo ní ẹ̀rí kékeré kan pé ó ṣeé ṣe. Kàlẹ́ńdà òṣùpá, tó kọ̀ láti dúró fún àgbẹ̀ láyé Akbar, rìn títí ó fi bá ti oòrùn pàdé: ní 2022 àti 2023, inú Ààwẹ̀ ni Pohela Boishakh bọ́ sí. Ìwọ́de jáde láàárọ̀. Panta àti ilish kò lè rí ojú ọ̀sán lọ́wọ́ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ kan náà gba àwọn méjèèjì, alááwẹ̀ sì ṣínu nígbà tí oòrùn wọ̀, oòrùn yẹn kan náà tó ṣí ọdún tuntun.

Bí mo bá ní kí n ṣí ìwé pupa fún àwọn méjèèjì, èmi ò ní rí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Àwọn olólùfẹ́ ìwọ́de jẹ gbèsè òótọ́: kí wọ́n gbà pé 1989 ni ìwọ́de náà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má pe ẹni tó jókòó sílé ní ọmọ Pakísítáànì, kí wọ́n má sì gba àṣẹ ìjọba láti fi kó ọmọ ọlọ́mọ jáde. Àwọn tó takò ó jẹ gbèsè tó tóbi ju ìyẹn lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn 10 wà ní Ramna. Lóòótọ́, àwọn kọ́ ló ju bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n àwọn ló lè mú kó dá gbogbo ayé lójú pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ ní orúkọ ìgbàgbọ́ wọn, kí wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń gbé òwìwí bébà kọjá lójú títì kò gbé e wọ inú mọ́ṣáláṣí wọn.

Àwọn oníṣòwò Dhaka mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló máa san tán lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ń gba ìwọ̀n tó bá mú wá, wọ́n á kọ ìyókù sí ojú ewé tuntun, wọ́n á sì tún gbé àdídùn fún un. Ohun tí wọ́n kì í gbà ni kó kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìwọlé.